Òrùka Ìmídásóòlù àti Àsomọ́ Kábọ́kísílì: Láti Orí Àtẹ Ẹja ní Minna dé Ìdí Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ìfáárà

Ìlú Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, jìnnà sí òkun. Níbẹ̀ ni ojú irin tí ó ti Èkó wá àti èyí tí ó ti Baro létí Odò Ọya wá ti pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Níbẹ̀ náà ni Ìjọba Àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ kan sílẹ̀ sí ní ọdún 1983. Ẹja odò kì í ṣe àjèjì ní agbègbè náà, nítorí àwọn ọmọ Núpé ti ń pẹja lórí Odò Ọya àti Odò Kaduna láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Síbẹ̀, ẹja òkun tí wọ́n fi yìnyín gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, bí i títù, kótè àti ṣàwá, kì í wọ́n lórí àtẹ, kì í sì í wọ́n nínú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù.

Nínú ilé kan náà tí wọ́n ti ń se títù yìí, kò ṣòro láti rí káàdì Flagyl lórí pẹpẹ, kí losartan tí bàbá àgbà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nǹkan mẹ́ta yìí kò bára tan. Ní ti kẹ́mísírì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Òrùka kan náà, tí à ń pè ní ìmídásóòlù, ni ó wà nínú èròjà tí í sọ ẹja títù di májèlé, nínú Flagyl, àti nínú losartan. Ohun tí a so mọ́ òrùka náà lára ni ó yà wọ́n nípá. Nínú gbogbo ohun tí a lè so mọ́ ọn, kò sí èyí tí wíwà àti àìsí rẹ̀ ń fa ìyàtọ̀ tó kábọ́kísílì. Bí ó bá já kúrò níbì kan, oúnjẹ á di májèlé. Bí ó bá yọ jáde níbòmíràn, oògùn á kú. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, àfi bí ó bá yọ jáde ni oògùn yóò tó jí.

Òrùka àti àsomọ́

Òrùka onílẹ̀kẹ̀ márùn-ún ni àfiwé tí ó bá ìmídásóòlù mu jù. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta jẹ́ kábọ́nù, méjì jẹ́ náítírójìn, háídírójìn mẹ́rin sì rọ̀ mọ́ wọn lára. C₃H₄N₂ ni àwọn onímọ̀ ń kọ ọ́. Heinrich Debus, ọmọ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe é jáde ní ọdún 1858. Funfun ni, ó rí wóró-wóró bí iyọ̀, ó ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 90°C, ó sì ń tètè pòórá nínú omi. Náítírójìn méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ kan náà: ọ̀kan di háídírójìn mú, èkejì la ọwọ́ sílẹ̀ láti gbà á. Èyí ni ó jẹ́ kí òrùka náà lè máa gba háídírójìn kí ó sì máa fi í sílẹ̀ ní irú ipò tí omi ara ènìyàn wà gan-an, àǹfààní tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn èròjà.

Kábọ́kísílì ní tirẹ̀ kò ju àtọ́ọ̀mù mẹ́rin lọ: kábọ́nù kan, ọ́síjìn méjì àti háídírójìn kan, COOH. Òun ni ó ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, òun náà ni ó wà nídìí kíkan àjàgbọn. Bí ó bá bọ́ sínú omi, a máa jọ̀wọ́ háídírójìn rẹ̀, á sì wá máa ru iná tí wọ́n ń fi àmì ìyọkúrò dá mọ̀. Bí ìmídásóòlù bá wà nítòsí, òun ni yóò gba háídírójìn náà, tí òun náà yóò sì máa ru iná alámì ìròpọ̀. Báyìí ni mólékù kan ṣoṣo ṣe ń ru iná méjì tí wọ́n tako ara wọn. Ohun méjì ni ó ti ibẹ̀ jáde. Èkíní ni pé irú mólékù bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti gba inú ọ̀rá kọjá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú awọ tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ara ká. Èkejì ni pé ó mọ irin-ín dì mú.

Ti irin dídìmú yìí kò ní gba àlàyé gígùn níhìn-ín, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí ìmẹ́nubà. Ìmídásóòlù tí ó ní kábọ́kísílì méjì lára ní ibi mẹ́rin tí irin ti lè so mọ́ ọn: náítírójìn méjì, kábọ́kísílì méjì. Yóò so irin pọ̀ mọ́ irin bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2006, Mohamed Eddaoudi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi í so irin indium pọ̀ di kírísítálì tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ ju bí ó ti máa ń rí lọ. Iṣẹ́ lórí irú kírísítálì oníhò báyìí, tí wọ́n lè fi kó gáàsì pamọ́ tàbí kí wọ́n fi gba omi láti inú afẹ́fẹ́, ni Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi fi gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní ọdún 2025.

Bí wọ́n ṣe ń rí ìmídásóòlù oníkábọ́kísílì méjì yìí ni ó súnmọ́ ilé jù. Láti ara ásíìdì tátárììkì ni. Òun ni ásíìdì tí ó pọ̀ jù nínú àjàgbọn, èso tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya, tí àwọn ará Minna fi ń se kunu. (Kì í ṣe àjàgbọn ni àwọn ilé-iṣẹ́ sábà ń lò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àjàrà ni wọ́n ti ń rí tiwọn.) Wọ́n á kọ́kọ́ fi ásíìdì náítírììkì yí tátárììkì padà, wọ́n á wá fi àmóníà àti formaldehyde kún un, òrùka náà á sì dì pẹ̀lú kábọ́kísílì méjì lára. Bí ó bá jẹ́ òrùka lásán ni wọ́n ń fẹ́, iná ni wọ́n á fi sí i: kábọ́kísílì méjèèjì á já, wọ́n á sì bá afẹ́fẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí irú gáàsì tí ó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Láti àwọn ọdún 1940 ni ọ̀nà yìí ti wà nínú ìwé àwọn onímọ̀. Iná gbígbóná gan-an ni wọ́n fi ń já kábọ́kísílì kúrò lára òrùka nínú yàrá ìwádìí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọn kò nílò iná láti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Hísítídíìnì

Èyí tí ó súnmọ́ ènìyàn jù nínú ìdílé yìí ni hísítídíìnì, tí Albrecht Kossel àti Sven Hedin ṣàwárí rẹ̀, oníkálukú lọ́tọ̀, ní ọdún 1896. Ọ̀kan ni nínú ogún ámínò ásíìdì tí ara fi ń mọ ẹran ara. Òrùka ìmídásóòlù wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, kábọ́kísílì wà ní ìpẹ̀kun kejì, kábọ́nù méjì péré sì ni ó wà láàárín wọn. Ara kò lè dá a ṣe tó bí ó ti ń fẹ́. Nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹran àti ẹja ni ènìyàn ti ń rí i. Hísítídíìnì 38 ni ó wà nínú mólékù kan ṣoṣo èròjà tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Irin mẹ́rin ni ó wà nínú mólékù náà, òrùka hísítídíìnì ni ó sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú kí ọ́síjìn lè bà lé e. Èémí kan kò sí tí ènìyàn mí tí òrùka yìí kò lọ́wọ́ sí.

Nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀, kábọ́kísílì hísítídíìnì ti fọwọ́ kọ́ ámínò ásíìdì tí ó tẹ̀lé e, kò sì ṣeé já bọ̀rọ̀. Nínú ẹran ara àwọn ẹja òkun asáré, bí i títù, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀. Hísítídíìnì tí kò so mọ́ nǹkan kan pọ̀ níbẹ̀ jaburata. Òun ni ó ń gba kíkan tí iṣan ẹja ń mú jáde bí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kíkankíkan. Nígbà tí ẹja wà láàyè, ọrọ̀ ni. Bí ẹja bá ti kú, ewu dé.

Nígbà tí kábọ́kísílì bá já

Lára ijàgbá ẹja àti nínú ìfun rẹ̀ ni àwọn bakitéríà kan ń gbé, Morganella morganii sì ni ògbóǹtarìgì wọn. Wọ́n ní ẹ́ńsáìmù kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó já kábọ́kísílì kúrò lára hísítídíìnì lọ. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni hísítámíìnì. Òrùka kò yí padà, náítírójìn rẹ̀ kò dín, àsomọ́ kan péré ni ó lọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni èyí àkọ́kọ́, èyí ìkẹyìn sì ni ara fúnra rẹ̀ máa ń fi pariwo nígbà tí agbọ́n bá ta ènìyàn tàbí nígbà tí àlájì bá dìde. Ìba díẹ̀ ni ara ń lò. Ìwọ̀n tí àjọ Codex tí ó ń rí sí ìlànà oúnjẹ lágbàáyé fi ṣe ààlà fún ẹja ni 200 mìlígíráàmù nínú kílò kan.

Bí ẹja bá wà nínú òtútù tí kò ju 4°C lọ, ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ń falẹ̀ gidigidi. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru Minna a máa kọjá 35°C ní ọ̀sán. Kí títù tó dé orí àtẹ níbẹ̀, ó ti gun ọkọ̀ láti etíkun, ó ti sùn nínú yàrá yìnyín tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kóòdù-rúùmù, ó sì ti wà nínú fíríìsà alája wẹ́wẹ́. Ìsédò mànàmáná Kainji, Shiroro àti Zungeru wà ní Ìpínlẹ̀ Niger. Síbẹ̀ iná ń lọ, iná ń bọ̀ lórí fíríìsà wọ̀nyí. Ìgbà tí iná lọ gan-an kọ́ ni ó burú jù. Ìgbà tí ó padà dé ni, nítorí ẹja tí ó ti yọ́ láàárọ̀ yóò tún dì gbagidi ní ìrọ̀lẹ́, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Yìnyín ń dá bakitéríà dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá kábọ́kísílì tí ó ti já padà.

Níhìn-ín ni àṣìṣe ńlá wà. Ìgbàgbọ́ tí ó wọ́pọ̀ ni pé kò sí ẹja tí òróró gbígbóná kò lè wẹ̀ mọ́: bí ó bá ti rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi ata àti iyọ̀ pa á, kí wọ́n dín in gbẹ. Òróró yóò pa bakitéríà lóòótọ́. Hísítámíìnì kò bìkítà fún òróró, kò bìkítà fún èéfín, bẹ́ẹ̀ ni kò bìkítà fún agolo. Kì í rùn, nítorí náà imú kò lè tú u fó. Nígbà mìíràn ahọ́n a kàn máa ta bí ẹni jẹ ata. Tútù ni à ń ká ẹja kò, ni àwọn àgbà wí nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ títọ́. Nínú ọ̀rọ̀ hísítámíìnì, ìtumọ̀ òwe náà kò nílò àfikún kankan. Nígbà tí ẹja ṣì tutù ni kí wọ́n yọ ìfun àti ijàgbá rẹ̀, kí wọ́n fi í sínú yìnyín, tàbí kí wọ́n yan án. Ẹja tí wọ́n yan nítorí pé ó ti ń bàjẹ́ ti pẹ́ jù.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí wákàtí méjì tí ènìyàn jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lè pọ́n kí ó sì máa gbóná, orí á máa fọ́ ọ, àyà á máa lù kìkì, ara á máa yún un, inú rẹ̀ sì lè ṣu tàbí kí ó bì. Púpọ̀ nínú wọn a sọ pé àlájì ẹja ni. Ìyàtọ̀ wà: àlájì gidi a máa mú ẹni kan ní gbogbo ìgbà tí ó bá jẹ ẹja náà, ṣùgbọ́n hísítámíìnì a máa mú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan, lọ́jọ́ náà nìkan. Piriton àti irú rẹ̀ a máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá já geere kò gbọdọ̀ dúró sílé, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíá. Kí ẹni tí ó ń lo isoniazid fún ikọ́ fée ṣọ́ra jù, nítorí oògùn náà ń dí ẹ́ńsáìmù tí ara fi ń tú hísítámíìnì ká lọ́wọ́. Ní ti ẹja àrọ̀ inú odò àti inú adágún, hísítídíìnì tí kò so mọ́ nǹkan kò pọ̀ nínú rẹ̀ tó ti títù. Ẹ̀rù irú májèlé yìí kò pọ̀ lórí rẹ̀.

Kábọ́kísílì tí ń pa oògùn

Bí inú bá ṣu ènìyàn báyìí, Flagyl ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ nà sí. Bí ó bá gbé e mì, ìmídásóòlù ti lọ bá ìmídásóòlù nínú ìfun kan, ṣùgbọ́n èyí kò lè fọwọ́ kan ìyẹn. Metronidazole, tí í ṣe Flagyl, ń pa àmébà, giardia àti àwọn bakitéríà tí kì í lo ọ́síjìn. Kò ní agbára kankan lórí hísítámíìnì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lórí fáírọ́ọ̀sì tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Owó ni ẹni náà fi ṣòfò, ó sì tún fi àǹfààní fún àwọn kòkòrò láti kọ́ bí wọn yóò ṣe máa kojú oògùn.

Kì í ṣe kábọ́kísílì ni metronidazole fi ń pa kòkòrò. Àsomọ́ mìíràn, tí náítírójìn àti ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, ni. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fi kábọ́kísílì sí i, nígbà tí ó bá fẹ́ lé e jáde. Èyí tí ó di ásíìdì báyìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pa kòkòrò mọ́, inú ìtọ̀ ni yóò sì bá jáde. Àwọn èròjà tí ẹ̀dọ̀ sọ Flagyl dà ni wọ́n máa ń mú ìtọ̀ àwọn kan pọ́n tàbí kí ó dúdú díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù ni etomidate, oògùn akunnilóorun tí wọ́n ń fún aláìsàn sínú iṣan kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ilé-iṣẹ́ Janssen ní Belgium ni ó ṣe é ní ọdún 1964. Kábọ́kísílì wà lára òrùka rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọtí dé e ní fìlà. Ẹ́sítà ni wọ́n ń pe irú kábọ́kísílì adéfìlà bẹ́ẹ̀. Fìlà yìí ni ó mú kí ó lè gba inú ọ̀rá kọjá dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣí fìlà náà, kábọ́kísílì á hàn síta, agbára ìkunnilóorun á sì pin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òrùka náà kò ṣàì ní àléébù tirẹ̀: náítírójìn rẹ̀ a máa di irin inú ẹ́ńsáìmù kan mú nínú ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, ara kò sì ní lè ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù tí ó nílò. Láti ọdún 1983 tí èyí ti hàn sí àwọn dókítà ni wọn kì í ti í fa á sí aláìsàn lára fún ọjọ́ pípẹ́ mọ́.

Kábọ́kísílì tí ń jí oògùn

Nínú ara ni èròjà kan wà tí ń jẹ́ ańjioténsìnì II. Ámínò ásíìdì mẹ́jọ ni wọ́n so pọ̀ di òun, ẹ̀kẹfà nínú wọn sì ni hísítídíìnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá fún un jù, ẹ̀jẹ̀ á ru. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Takeda ní Japan kéde àwọn ìmídásóòlù kan tí ásíìdì asẹ́tíìkì so mọ́ lára, tí wọ́n ń dí ańjioténsìnì II lọ́nà. Agbára wọn kò tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ DuPont ní Amẹ́ríkà mú wọn, wọ́n tún wọn ṣe léraléra, losartan ni ó sì ti ibẹ̀ jáde. Ọdún 1995 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á.

Ohun ìyanu ni pé kò sí kábọ́kísílì lára losartan tí ó wà nínú káàdì. Ọtí ni ó wà ní ipò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọtí yìí di kábọ́kísílì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí i 14 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tí ènìyàn gbé mì ni ó ń yí padà bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ yìí ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́: agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 10 sí 40 ti losartan fúnra rẹ̀. Wákàtí méjì ni ìdajì losartan fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ti ásíìdì rẹ̀ ń gbà tó wákàtí 6 sí 9. Ìdí nìyí tí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fi tó ọ̀pọ̀ aláìsàn, tí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá fi gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó lò ó.

Àbúrò rẹ̀, olmesartan, tí àwọn ará Japan ṣe, gba ọ̀nà mìíràn. Kábọ́kísílì wà lára òrùka rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n adéfìlà ni bí i ti etomidate, kí ó lè gba inú ìfun wọlé. Ìfun ni ó ń ṣí i. Fìlà tí wọ́n ṣí lórí etomidate tí ó fi kú, òun náà ni wọ́n ṣí lórí olmesartan tí ó fi jí. Òrùka kan náà, àsomọ́ kan náà; ibi tí wọ́n rán kálukú ni kò dọ́gba.

Ó ku ohun kan tí ó kan aláwọ̀ dúdú ní pàtó. Nínú ìwádìí LIFE tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, tí àwọn tí ó kópa nínú rẹ̀ lé ní 9,000, losartan dín àrùn rọpárọsẹ̀ kù ju atenolol lọ. Àǹfààní yẹn kò hàn lára àwọn 533 aláwọ̀ dúdú tí ó wà nínú wọn. Àwọn tí wọ́n fún ní atenolol nínú wọn ni ó sàn fún jù. Ní ọdún 2019, Dike Ojji ti Yunifásítì Abuja, tí kò jìnnà sí Minna, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà tẹ ìwádìí CREOLE jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n bá fi amlodipine ṣe ọ̀kan nínú oògùn méjì tí aláìsàn ń lò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wálẹ̀ ju bí wọ́n bá fún un ní perindopril àti oògùn atọ̀ láìsí amlodipine lọ. Perindopril kì í ṣe ọmọ ìmídásóòlù, ṣùgbọ́n ọ̀nà ańjioténsìnì kan náà ni ó ń dí. Nítorí náà, bí dókítà bá fi oògùn mìíràn kún losartan bàbá àgbà, kì í ṣe pé ó fẹ́ kó o lówó. Ẹni tí ó bá lóyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan losartan tàbí olmesartan rárá, bí aládùúgbò tilẹ̀ fi lọ̀ ọ́, nítorí ọ̀nà ańjioténsìnì tí wọ́n ń dí yìí ni kíndìnrín ọmọ inú rẹ̀ fi ń dàgbà.